Àpótí abẹ́ tábìlì: ṣọ́ọ̀bù póòsìkáàdì àtijọ́ tí mò ń náwó sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pẹ́ tí mo ti ní màá kọ nǹkan nípa ṣọ́ọ̀bù póòsìkáàdì tí mo máa ń lọ yẹn, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní mò ń lọ sọ́dọ̀ bàbá oníkáàdì lẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. South London níbí ló wà, abẹ́ afárá rélùwéè, tí tíréènì bá ń kọjá lókè gbogbo inú ibẹ̀ á máa gbọ̀n, bàbá á kàn fọwọ́ bo kọ́ọ̀pù tíì ẹ̀, á máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Sátidé nìkan ló ń ṣí, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, kò sì gba káàdì báǹkì, owó ọwọ́ ni (ẹni tó ń ta káàdì tí ò gba káàdì, ẹ ò rí nǹkan!). Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí mo máa bú u díẹ̀ tó bá yá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé mi.

Kí lẹ máa bá níbẹ̀? Àpótí. Àpótí lórí àpótí. Àwọn tó wà lórí tábìlì ni ojúlówó lójú bàbá, ó tò wọ́n ní àdúgbò-àdúgbò, Kent lọ́tọ̀, Suffolk lọ́tọ̀, Yorkshire gba odindi tábìlì kan, ọkọ̀ ojú omi, ajá, bọ́ọ̀lù, ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú ló ní àyè tiẹ̀, ó sì ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ ọ̀rá. Èyí tó bá mọ́ tónítóní tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí lẹ́yìn, òun ló wọ́n jù, pọ́n-ùn mẹ́jọ, pọ́n-ùn mẹ́wàá, tó bá wá jẹ́ àwòrán ibùdókọ̀ rélùwéè tí wọ́n ti wó, ó lè tó ogún. Abẹ́ tábìlì wá ni páálí bàtà kan wà tí wọ́n fi máakà kọ 50p sí lára. Àwọn káàdì tó ti ká létí, tí omi ti bà jẹ́, tí ẹnì kan ti ya sítáǹpù ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti kọ̀wé sí lẹ́yìn títí tí ò fi sáyè mọ́, ibẹ̀ ló ń dà wọ́n sí. Tínú ẹ̀ bá dùn, mẹ́ta ní pọ́n-ùn kan.

Ẹ gbọ́ mi o, inú páálí bàtà yẹn lọjà wà. Bàbá ń tà wọ́n bí ìdọ̀tí torí iwájú ló ń wò, ẹ̀yìn lèmi ń wò. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí káàdì tí ẹnikẹ́ni ò lò fi wọ́n ju èyí tí èèyàn fi ránṣẹ́ sí èèyàn lọ, ó ní àwọn oníbàárà òun, àwòrán ni wọ́n ń rà, ta ló fẹ́ máa ka lẹ́tà olólẹ́tà. Èmi ni. Àmèbó ni mí látilẹ̀ wá, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa nǹkan yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọdún 1870 nìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta póòsìkáàdì, kò tiẹ̀ sí àwòrán lára ẹ̀, páálí lásán, ṣùgbọ́n ààbọ̀ pẹ́nì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ nígbà tí lẹ́tà ń gba odindi pẹ́nì kan. 1894 ni wọ́n wá gbà káwọn oníṣòwò máa tẹ tiwọn tó ní àwòrán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àdírẹ́sì nìkan lòfin gbà lẹ́yìn káàdì, tó o bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ àfi kó o há a sí etí àwòrán níwájú, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí káàdì tí wọ́n kọ̀wé yí ọ̀run kiri lórí òkè ilé ìjọba. 1902 ni wọ́n tó fa ìlà sí àárín ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ ní òsì, àdírẹ́sì ní ọ̀tún, ìgbà yẹn layé wá gbà á. Ní Lọ́ńdọ̀n ìgbà yẹn pósímáànù ń kànlẹ̀kùn ju ìgbà mẹ́fà lọ lójúmọ́, tó o bá fi káàdì ránṣẹ́ láàárọ̀ pé o ò ní tètè dé, á ti débẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. WhatsApp tiwọn nìyẹn. Ẹnì kan ń kọ ọ́ pé òun ti dé láyọ̀, ẹnì kan ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ti san, ẹnì kan kàn kọ ọ́ pé "kí ló dé tí o ò fèsì?" àbí ẹ ò rí i, látìgbà yẹn! Oṣù kẹfà ọdún 1918 nìjọba sọ owó tí wọ́n fi ń fi káàdì ránṣẹ́ di pẹ́nì kan, káàdì tó bá wá ní sítáǹpù ààbọ̀ pẹ́nì aláwọ̀ ewé tí orí ọba Edward wà níbẹ̀ tí ìlà sì wà láàárín ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ti mọ ọdún ẹ̀ dé àyè kan nìyẹn, kódà tí òǹtẹ̀ ò bá hàn.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé gbogbo èèyàn ló lè kà á. Pósímáànù á kà á, ẹni tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà á kà á, ìyá alásè á kà á. Torí náà ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí, ó gbọ́dọ̀ dọ́gbọ́n sí i: àwọn kan ń kọ ọ́ sódì tó fi jẹ́ pé iwájú dígí nìkan lèèyàn ti lè kà á, àwọn kan ń lẹ sítáǹpù ní wíwọ́, pé tó bá tẹ̀ báyìí ìfẹ́ ni, tó bá dojú délẹ̀ ó nítumọ̀ tiẹ̀. Kò yàtọ̀ sí àrokò tàwọn bàbá wa. Owó ẹyọ mẹ́fà téèyàn bá dè ránṣẹ́, ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà sí ọ ni, mẹ́jọ, a jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ tí wọ́n fi rán níṣẹ́ lè máa wò ó láti ilé dé oko, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju owó ẹyọ lọ.

Ó dáa, káàdì Margate. Margate, ìlú etíkun ní Kent tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ń lọ jayé nígbà ooru. Àárọ̀ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ ni mo rí i nínú páálí, 50p, igun kan ti ya. Iwájú ẹ̀, ọ̀wọ́ ilé gogoro tó kọjú sókun, wọ́n fi íńkì kọ X kékeré sórí fèrèsé kan tó wà lókè pátápátá. Ẹ̀yìn ẹ̀, òǹtẹ̀ oṣù keje ọdún 1909, sítáǹpù tó wọ́ díẹ̀ sápá kan, wọ́n kọ ọ́ sí Míìsì kan ní ilé ńlá kan ní Streatham, South London. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò ju báyìí lọ: mo ti dé láyọ̀, fèrèsé wa nìyẹn tí mo fi X sí, màdáámù ò burú tó bí wọ́n ṣe sọ, má tíì sọ fún Mama, màá kọ̀wé lọ́jọ́ Sunday. W.

Ẹ wò ó nà. Fèrèsé wa. Má tíì sọ fún Mama. Sítáǹpù tó wọ́. Kí lẹ máa rò? Ohun tí ẹ rò yẹn lèmi náà rò. Mo ti délé, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé William kan ti gba yàrá sí Margate, ó ń retí ọmọge ẹ̀ láti Streatham, ìyá ọmọ ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo tiẹ̀ pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn sọ fún un. Ìtàn ìfẹ́ tó tó ṣe fíìmù.

Mo wá lọ san owó sórí sáìtì kan táwọn tó ń wá ìtàn ẹbí ń lò. Èyí náà mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó bá pé tí o ò bá tíì fagi lé e, odindi owó ọdún kan ni wọ́n máa yọ nínú àkáǹtì ẹ láìfọhùn. Wọ́n yọ tèmi. Mo kọ ímeèlì mẹ́ta, ẹ̀rọ ló fún mi lésì. Àwọn tó sì da ìwé ìkànìyàn (census) kọ sórí ẹ̀, ọlọ́run ló mọ ibi tójú wọn wà, wọ́n kọ abúlé ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń kọ orúkọ oògùn, iṣẹ́ tó ń ṣe tó jẹ́ housemaid, wọ́n kọ horsemaid. Wúńdíá ẹṣin! Ìdí nìyẹn tó fi gbà mí lọ́jọ́ méjì kí n tó rí i. Ìmọ̀ràn mi: tó o bá wà ní Lọ́ńdọ̀n, lọ sí National Archives ní Kew, kọ̀ǹpútà wọn ń ṣí àwọn ìwé ìkànìyàn yìí fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ láíbìrì àdúgbò náà sì ní irú ẹ̀. Tí mo bá ti mọ̀ ni!

Mo ṣá rí i. Ìkànìyàn ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1911, ilé ńlá Streatham yẹn kan náà, ọ̀gá oníṣòwò kan, ìyàwó, ọmọ méjì, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, òun sì ni ìkẹta nínú wọn: ọmọ ọdún méjìlélógún, wọ́n bí i ní abúlé kan ní Suffolk, kò tíì lọ́kọ. Mo ní á fẹ́ William láìpẹ́. Mo bọ́ sórí FreeBMD, èyí mo lè dárúkọ ẹ̀ torí kò ṣe mí ní nǹkan kan àfi oore: àwọn afínúfíndọ̀ ló ń da ìwé orúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti England àti Wales kọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1837, kọ́bọ̀ kan wọn ò ní gbà lọ́wọ́ ẹ. Ohun tó sì dáa ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1912 lọ síwájú, wọ́n kọ orúkọ ìdílé ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìyàwó. Mo rí obìnrin tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ gan-an, ó ṣègbéyàwó ní 1912, ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Mo pariwo. Mo sanwó ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo já a: obìnrin ọ̀tọ̀. Bàbá ẹ̀ ń ta ẹja, ẹ̀gbẹ́ London Docks ni ilé wọn, kò mọ Suffolk rí láyé. Owó mi wọgbó.

Ìyàwó mi ló bi mí pé ta ló sọ fún mi pé ọkùnrin ni W.

Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo wá padà sẹ́yìn, mo lọ sí ìkànìyàn 1901, mo wá ọmọ ọdún méjìlá ní abúlé yẹn. Ó wà níbẹ̀: bàbá tó ń ṣiṣẹ́ oko olóko, ìyá, àwọn ọmọ rẹrẹẹrẹ, nínú wọn ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Àbúrò! Àbúrò ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló jẹ́ nígbà tó kọ káàdì yẹn, ó sá kúrò nílé lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àlejò ní Margate, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń sùn sí yàrá òkè àjà tó pè ní "wa" yẹn, màdáámù tí ò burú tó bí wọ́n ṣe sọ ni ọ̀gá ẹ̀. Sítáǹpù tó wọ́ yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan, kíákíá ló lẹ̀ ẹ́.

Ẹ ní báwo ni mo ṣe mọ̀ dájú? Ibi tí 1911 fi dùn nìyẹn. Òun ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní England àti Wales tó jẹ́ pé ìwé tí àwọn ará ilé fọwọ́ ara wọn kọ gan-an ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba dà kọ. Mo ṣí ìwé ilé ìyá wọn ní Suffolk. Bàbá ti kú, W ti padà sílé, ọwọ́ W ló sì kọ ìwé náà. Mo gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. W yẹn ní ìrù kan tó fi máa ń ká sókè bí ìrù ajá, ọ̀kan náà ni. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nílé ọkọ kọ iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kù láyé, opó ò gbọ́dọ̀ dáhùn ẹ̀, ṣùgbọ́n W kọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, mẹ́jọ, márùn-ún ló kù, ẹnì kan ní ọ́fíìsì wá fi íńkì pupa fa ìlà kọjá lórí ẹ̀. Mo wo ìlà pupa yẹn títí. Ọmọ mẹ́ta.

Nísàlẹ̀ ìwé, níbi tí ìyá ti máa buwọ́ lù ú, kò sí orúkọ. X ló wà níbẹ̀. Ìyá ò mọ̀wé kọ. Torí náà "má tíì sọ fún Mama" tó fi pamọ́ yẹn, Mama ò lè kà á tẹ́lẹ̀, kódà tí wọ́n bá fi káàdì yẹn lé e lọ́wọ́, ohun tó máa dá mọ̀ níbẹ̀ ò ju X ojú fèrèsé yẹn lọ. 50p o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo ti fẹ́ dúró síbẹ̀, àmọ́ àmèbó kì í dúró. Ìkànìyàn 1921, oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe é lọ́dún yẹn torí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é lóṣù kẹrin, àkókò ìgbádùn ti wọlé, àwọn ilé etíkun ti kún fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá W ní Margate padà, láàárín àlejò rẹpẹtẹ, wọ́n kọ ọ́ pé òun ló ń bójú tó ilé. 1931 ti jóná nínú iná kan ní 1942, 1941 ogun ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é rárá, torí náà fífò lèèyàn máa fò lọ sí ìwé orúkọ tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1939, èyí tí wọ́n fi ṣe káàdì ìdánimọ̀ nígbà ogun. Margate. Ilé kan, obìnrin méjì: W, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ń gba àlejò sílé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, òun náà ò lọ́kọ, iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún un ni iṣẹ́ ilé tí wọn kì í sanwó fún. Obìnrin tó ti ń nu ilé onílé látìgbà ọmọdé, ó tún ń nu tàbúrò ẹ̀, kò wá gbowó mọ́ báyìí. Mo rẹ́rìn-ín, ó tún ṣe mí bákan. Mo fẹ́ kó jẹ́ ilé tó ní fèrèsé X yẹn ni wọ́n ń gbé, mo ṣí máàpù Google, mo ń rìn kiri Margate lórí fóònù láàárín òru, kì í ṣe òun. Òpópónà méjì ló wà láàárín wọn, kò tiẹ̀ kọjú sókun.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń dùn báyẹn o. Mo ra ọ̀kan tó jẹ́ tàwọn sójà Ogun Àgbáyé Kìíní, káàdì tí ìjọba ti tẹ ọ̀rọ̀ sí fún wọn, ara mi le, mo wà lọ́sibítù, mo gba lẹ́tà rẹ, ohun tí ò bá kàn ọ́ o fagi lé e, tó o bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un yàtọ̀ sí déètì àti orúkọ ẹ, wọ́n á ya káàdì náà dànù. Ọmọkùnrin yìí fagi lé gbogbo ẹ̀ àfi "ara mi le". Kí lèèyàn máa rí fà yọ níbẹ̀? Ìwé iṣẹ́ àwọn sójà Ogun Kìíní pàápàá, èyí tó ju ààbọ̀ lọ ló jóná nígbà tí bọ́ǹbù àwọn Jámánì balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀n ní 1940. Mo wá a títí, mi ò rí nǹkan kan, mo gbé e sórí fìríìjì.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n bú u bí mo ṣe ṣèlérí. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, lóṣù kejì ẹ wọ súwẹ́tà méjì. Kò sí àga. Kò sí ilé ìtura, ẹ lo ti ilé yín kí ẹ tó jáde. Bàbá ò gbà kí èèyàn fi fóònù ya káàdì láìtíì rà á, ìyẹn ò burú, ọjà ẹ̀ ni. Èyí tí mi ò lè dárí ẹ̀ jì í ni pé pẹ́ńsù ló fi ń kọ iye owó sẹ́yìn káàdì, ó sì ń kọ ọ́ lé orí ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni! Èyí tó lẹ bébà sí tún burú jù, tó o bá ṣí i, íńkì á bá a lọ. Mo ra ọ̀kan láti Blackpool tí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ti bá bébà £1 lọ, obìnrin kan kọ ọ́ pé "jọ̀ọ́ má ṣe", má ṣe kí ni? Bàbá ló mọ̀. Mo sọ fún un, ó ní òun á yí pa dà, kò yí pa dà. Àmọ́ tó bá rí i pé o ń kàwé ẹ̀yìn káàdì, á yá ẹ ní dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, kò sì ní yọ ẹ́ lẹ́nu láti àárọ̀ dọ̀sán, tó bá rántí á bu tíì fún ẹ. Màá fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù, pẹ́ńsù yẹn ló jẹ ẹ́.

Èyí tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ ni mi ò tíì sọ. Káàdì Èkó ni mo wá lọ. Orí tábìlì lòun wà, nínú ọ̀rá, £25, mo ná an dé 22, bàbá ṣojú fúrú bíi pé mo jà á lólè. Obìnrin kan ló wà lójú ẹ̀, ó dúró níwájú aṣọ tí wọ́n yàwòrán sí, irú èyí tó máa ń wà nílé fọ́tò, wọ́n tẹ "Native Woman, Lagos" sábẹ́ ẹ̀. Ní sáà yẹn fọ́tógíráfà tiwa ti wà l'Ékòó dáadáa, N. Walwin Holm, ọmọ Accra tó wá ṣí ilé fọ́tò síbẹ̀ ní 1896, àti Da Costa tó ti bá C.M.S. Bookshop ṣiṣẹ́ kó tó gbé kámẹ́rà, àmọ́ wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ya èyí. Sítáǹpù ẹ̀ jẹ́ Southern Nigeria torí 1906 ni wọ́n ti da Èkó pọ̀ mọ́ ọn, òǹtẹ̀ 1908, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Liverpool. Òyìnbó tó kọ ọ́ ní ooru ò jẹ́ kóun gbádùn, ibà ti fi òun sílẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà máa ṣí lọ́la, kí wọ́n wá wo ọ̀kan lára àwọn arẹwà ìlú ibí. Ó fi àmì ìyanu méjì sí i. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi rí òyìnbó yẹn. Ìwé orúkọ àwọn tó wọkọ̀ ojú omi kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láti 1890 dé 1960, mo tẹ orúkọ ẹ̀, ó jáde: ó wọkọ̀ ní Liverpool ní 1907, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, akọ̀wé, Èkó ló ń lọ. Lẹ́yìn náà mo rí ilé bàbá ẹ̀, mo rí ìyá ẹ̀, mo rí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Mo wá yíjú sí obìnrin tó wà níwájú káàdì, ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ náwó, kò sí ibi tí mo máa tẹ orúkọ sí. Wọn ò bi í.

Nígbà tí mo lọlé ní December, mo mú káàdì yẹn dání lọ sọ́dọ̀ Màmá Làfíàjì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, ojú wọn ṣì ń ríran ju tèmi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, mo gbé e fún wọn.

"Ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé obìnrin Èkó ni."

"Èkó kẹ̀? Èyí kọ́ ni ọmọ Èkó. Ìwọ ò rí ojú ẹ̀ ni? Àbàjà rèé, ará òkè ni, ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí èyí. Ó wá ṣòwò l'Ékòó ni, àbí ọkọ ló gbé e wá."

Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ní irun ẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni, ẹni tó kó o fún un mọṣẹ́. Wọ́n wá ní kí n wo iyùn tó wà lọ́rùn ẹ̀, kí n sì wo ìró tó ró. "Iyùn olówó, ìró aláìní. Àwọn tó ya fọ́tò ló gbé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kọ́ ọ lọ́rùn. Wo ẹnu ẹ̀, inú ń bí i. Wọ́n ti dá a dúró pẹ́, ọjà ẹ̀ wà nílẹ̀." Mo ti wo káàdì yẹn pẹ̀lú dígí bàbá àìmọye ìgbà, mi ò rí ìkankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Àbàjà yẹn gan-an, mo rò pé ibi tí nǹkan ti ha káàdì ni.

Wọ́n ní kí lorúkọ ẹ̀, mo tún sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn á máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́ kó tó di pé a mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n gba káàdì, wọ́n ní kí n jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ìgbà tí mo máa padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kì í bọ etí férémù fọ́tò ìyá wọn lára ògiri, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé £22 ni mo rà á. Oṣù kìíní, àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ìyá ìjọ wá kí Màmá, wọ́n bi wọ́n pé ta nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín, Màmá ní ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà wa ni, Àbẹ̀kẹ́, ó ṣòwò gan-an láyé ẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹ̀.

Sátidé tó kọjá mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tíréènì kọjá, bàbá fọwọ́ bo tíì ẹ̀, ó ní oníbàárà kan ń wá káàdì Èkó, ṣé mo lè ta tèmi padà fóun ní £30. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ó wà lára ògiri lọ́hùn-ún nílé. Ó ní ṣé mo ti wá mọ obìnrin náà nìyẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹbí wa ni.